Kókó inú àpòlúkù àti ìfun: àyẹ̀wò wo ló yẹ kí ẹ fi owó ṣe? Ìfiwéra fún ará Ìkòròdù

Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìkòròdù ni mo sì ń gbé. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí dókítà bá ti sọ fún ẹnì kan pé kókó wà lára àpòlúkù tàbí ìfun rẹ̀, wọ́n á kó ìwé wá bá mi nílé. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: nínú gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n kọ fún wa yìí, èwo ni ká fi owó tó wà lọ́wọ́ ṣe? Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn lórí irú kókó kan tó ṣọ̀wọ́n, tí dókítà ń pè ní schwannoma. Kì í pani, ṣùgbọ́n ó jọ èyí tó lè pani débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àwòrán náà kò lè yà wọ́n.

Ibi tí mo dúró sí nìyí, kí ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀: bí owó ò bá tó ohun gbogbo, ẹ má fi ṣe àwòrán kejì àti ìkẹta. Ẹ fi í pamọ́ fún ẹran tí wọ́n máa gé àti àwọ̀ tí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Kókó mẹ́ta tó jọra

Nínú ògiri àpòlúkù àti ìfun, àwọn iṣan tíntìntín kan wà tó ń gbé ìròyìn, tó sì ń darí bí oúnjẹ ṣe ń lọ. Àwọn iṣan yìí ní èèpo, èèpo náà sì ní sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ Theodor Schwann, onímọ̀ ará Jámánì, pè. Bí sẹ́ẹ̀lì Schwann bá ń pọ̀ sí i lójú kan, ó di kókó tí dókítà ń pè ní schwannoma. Kókó èèpo iṣan ni èmi yóò máa pè é. Ní 1988 ni àwọn onímọ̀ kan ní Japan tó ya èyí tó ń hù lọ́nà oúnjẹ sọ́tọ̀ gedegbe. Nínú 100 kókó tó ń ti inú ẹran ògiri hù, 2 sí 6 péré ló ń jẹ́ irú rẹ̀. Bí a bá rí 10 nínú wọn, 6 tàbí 7 máa wà lára àpòlúkù, àwọn mìíràn máa ń wà ní ìfun ńlá, ti ọ̀nà ọ̀fun ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn ìyá tó ti lé ní ọdún 50 ló máa ń ṣe jù.

Èkejì ni GIST, kókó inú ògiri ọ̀nà oúnjẹ tó lè di jẹjẹrẹ. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú irú kókó báyìí lára àpòlúkù. GIST kan lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe nǹkan kan, òmíràn sì lè ràn dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀kẹta ni leiomyoma, tó ń hù láti ara ẹran tó ń fún oúnjẹ lọ. Irú kan náà ni pẹ̀lú fáíbírọ́ìdì tó ń wà nínú ilé ọmọ, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Òun ló pọ̀ jù ní ọ̀nà ọ̀fun.

Orúkọ tó tọ̀nà ṣe pàtàkì nítorí pé ìtọ́jú wọn ò papọ̀ rárá. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Japan rí i pé àyípadà kan nínú èròjà tí wọ́n ń pè ní KIT ló sábà máa ń fa GIST. Ní 2002, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn imatinib fún un. Oògùn yẹn ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là lọ́wọ́ GIST, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣe sí kókó èèpo iṣan. Tí wọ́n bá gé kókó èèpo iṣan kúrò tán pátá, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí wọ́n bá sì rò pé jẹjẹrẹ ló ní lè pàdánù gbogbo àpòlúkù rẹ̀ níbi tó jẹ́ pé gígé ibi tí kókó wà nìkan ì bá tó.

Ti àmì àìsàn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í mọ nǹkan kan lára. Àwọn mìíràn ń ní inú rírun, tàbí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ láìsí ìdí. Ọ̀dọ̀ wa níbí, agbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n á kọ́kọ́ máa lò fún un. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá a jáde, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró de agbo.

Síkáànù ikùn tàbí CT?

Síkáànù tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì ṣe ló sún mọ́ wa jù, òun ni owó rẹ̀ sì fúyẹ́ jù. Láti Sábó dé Ágíríìkì, èèyàn kì í rìn jìnnà kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú àpòlúkù máa ń dí i lójú. Bó bá rí kókó, ó ṣeun. Bí kò bá rí i, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kò sí.

CT, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara, ló máa sọ bí kókó náà ṣe tóbi tó, bóyá ó yọ sínú tàbí ó yọ síta, àti bóyá nǹkan kan wà lára ẹ̀dọ̀. Oníṣẹ́ abẹ nílò rẹ̀, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fò ó. Kókó èèpo iṣan sábà máa ń rí bákan náà látòkè délẹ̀ nínú àwòrán CT, nígbà tó jẹ́ pé GIST tó ti tóbi máa ń ní ibi tó ti kú tàbí tó ti ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé GIST kékeré náà máa ń rí bákan náà látòkè délẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àìsàn kíndìnrín tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí àwòrán CT mọ́ kedere.

Ohun kan wà tó ti kó ìpayà bá àwọn ẹbí tí mo mọ̀. Àwọn kókó kéékèèké tó ń bá àìsàn jà nínú ara, tí dókítà ń pè ní lymph node, lè wú ní ẹ̀gbẹ́ kókó èèpo iṣan. Nínú CT, ó máa jọ pé jẹjẹrẹ ti ràn. Àyẹ̀wò PET, tó ń wá ibi tí ara ti ń lo ṣúgà jù, náà lè tàn yòò lórí kókó èèpo iṣan bíi pé jẹjẹrẹ ni. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ irú kókó tó jẹ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ náwó sórí PET. MRI, tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán, wúlò bí kókó bá wà nísàlẹ̀ ìfun ńlá, ní ẹ̀bá ìdí. Fún àpòlúkù, CT tó.

Éńdósíkópì lásán tàbí EUS?

Éńdósíkópì ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ẹnu wọlé. Dókítà á rí òkè kékeré kan tí awọ rẹ̀ ń dán, nígbà mìíràn tí ọgbẹ́ wà ní orí rẹ̀. Á fi ẹ̀mú kékeré já ẹran díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èsì á dé: "awọ inú àpòlúkù, kò sí jẹjẹrẹ." Ẹbí á dúpẹ́, wọ́n á lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n kókó náà ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì mọ orúkọ rẹ̀. Kókó yìí ò hù láti ara awọ inú, inú ẹran ògiri ló ti hù tó wá ti awọ sókè. Bí òkúta tó wà lábẹ́ ẹní ló rí: ẹni tó bá já fọ́nrán ẹní, kò tíì fọwọ́ kan òkúta.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mú ọ̀rọ̀ yìí dání. Bí wọ́n bá rí kókó lábẹ́ awọ, tí èsì ẹran tí wọ́n já sì sọ pé "kò sí nǹkan", ẹ padà lọ bi dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé inú kókó gan-an ni ẹran yìí ti wá, àbí awọ orí rẹ̀ nìkan?"

EUS jẹ́ éńdósíkópì tó ní ẹ̀rọ ultrasound, irú ti síkáànù ikùn, ní orí. Ó ń fi ìpele ògiri àpòlúkù hàn ní márùn-ún. Kókó èèpo iṣan sábà máa ń wà ní ìpele kẹrin, ìyẹn ẹran tó ń fún oúnjẹ lọ, ó sì máa ń dúdú nínú àwòrán. GIST àti leiomyoma náà sábà máa ń wà níbẹ̀, nítorí náà àwòrán EUS nìkan ò yanjú ọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè tì gba inú rẹ̀ wọ inú kókó gan-an ló mú kó ju éńdósíkópì lásán lọ. Oríṣi abẹ́rẹ́ méjì ló wà. Ọ̀kan ń fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ jáde, èkejì, tí wọ́n ń pè ní FNB, ń gé ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró jáde. Fún kókó yìí, FNB ni kí ẹ béèrè, torí pé ẹran tó dúró ni láàbù lè gé sí wẹ́wẹ́ kó sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ yẹ̀ wò.

EUS ò pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Kí ẹ tó kúrò ní Ìkòròdù lọ síbikíbi, ẹ kọ́kọ́ fóònù bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ àti bóyá dókítà tó ń lò ó wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò ní jẹun fún wákàtí 6 sí 8 kí wọ́n tó ṣe é, ẹ ó sì ti jí kúrò nílé kí sún kẹrẹ fà kẹrẹ Mile 12 tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Wọ́n á fún yín ní oògùn oorun, nítorí náà ẹ mú ẹnì kan dání. Ẹ má gun ọ̀kadà padà sílé.

Àwọn kan á ní ká kúkú fi abẹ́rẹ́ gba ìta ikùn wọlé, pé ó yá, owó rẹ̀ sì kéré. Mi ò fara mọ́ ọn, níwọ̀n bí ọ̀nà mìíràn bá wà. GIST máa ń rọ̀. Bó bá bẹ́ tàbí ó ṣẹ̀jẹ̀ sínú ikùn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè fọ́n káàkiri, ọ̀rọ̀ tó ṣeé yanjú á wá di ńlá.

Àwọ̀ méjì àtijọ́ tàbí IHC?

Ibí ni iṣẹ́ tèmi wà, ibí náà ni orúkọ kókó ti ń jáde. Gbogbo láàbù ló máa ń kọ́kọ́ fi àwọ̀ méjì yẹ ẹran wò, ọ̀kan bí aró, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú. Lábẹ́ ẹ̀rọ awò, kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè fi sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan náà hàn. Kókó èèpo iṣan ní àmì kan tí mo fẹ́ràn láti rí: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà máa ń tò yí etí rẹ̀ ká bí ọgbà. Àmì tó dára ni, ṣùgbọ́n kò tó láti fi dá ẹjọ́. Bí ìwé èsì bá kọ "spindle cell tumour", ìyẹn kókó onísẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì dúró síbẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí.

IHC ló ń parí rẹ̀. Wọ́n á mú èròjà kan tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan pàtó nìkan ló ń so mọ́, wọ́n á dà á sórí ẹran náà. Bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ á di àwọ̀ búráùn. Orúkọ ohun tí wọ́n ń wá lára sẹ́ẹ̀lì ló wà ní apá òsì (CD117 ni KIT tí mo dárúkọ lókè). Bí kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe sábà máa ń rí nìyí:

| Àyẹ̀wò | Kókó èèpo iṣan | GIST | Leiomyoma |
|---|---|---|---|
| S100 | ó mú àwọ̀ | kì í sábà mú | kì í mú |
| SOX10 | ó mú àwọ̀ | kì í mú | kì í mú |
| CD117 | kì í mú | ó mú, bí 95 nínú 100 | kì í mú |
| DOG1 | kì í mú | ó mú àwọ̀ | kì í sábà mú |
| Desmin | kì í mú | kì í sábà mú | ó mú àwọ̀ |

Bí owó bá tó mẹ́rin péré, S100, CD117, DOG1 àti desmin ni èmi yóò yàn. S100 nìkan ò tó. Jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma, tó lè ràn dé inú ìfun, máa ń mú S100 àti SOX10. Kókó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní granular cell tumour, tó máa ń hù ní ọ̀nà ọ̀fun, tí òun náà jẹ́ ti èèpo iṣan tí kì í pani. Ó ń mú S100, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í tẹ́ẹ́rẹ́, ńṣe ló tóbi tó sì kún fún ohun wínníwínní.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó wà lóde láàbù kì í sábà gbọ́. "Kò mú àwọ̀" ní ìtumọ̀ méjì: ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì yẹn ò sí níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹran náà ti bàjẹ́ tí ohunkóhun ò fi lè mú àwọ̀ mọ́. Bí mo bá fẹ́ gbà pé CD117 ò mú nínú kókó kan, mo máa kọ́kọ́ wo àwọn sẹ́ẹ̀lì mast, irú sẹ́ẹ̀lì kan tó ní CD117 lára, tó wà káàkiri inú ẹran èèyàn gbogbo. Àwọn yẹn gbọ́dọ̀ di búráùn. Bí wọn ò bá di búráùn, àyẹ̀wò náà ò sọ nǹkan kan, a máa tún un ṣe. Bákan náà ni S100: àwọn iṣan kéékèèké tó wà nínú ògiri ìfun gbọ́dọ̀ mú un. Ẹ lè bi dókítà léèrè bóyá wọ́n rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìgò tí wọ́n á gbé lé yín lọ́wọ́

Lọ́pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹbí aláìsàn ni wọ́n máa ń gbé ẹran tí wọ́n gé lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sí láàbù. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé wá bá mi pẹ̀lú nylon dúdú lọ́wọ́, omi ń kán nídìí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi yìnyín sí i o, kó má bàa bàjẹ́." Nínú nylon náà, ike kékeré kan wà tí wọ́n fún ẹran bí ìkúùkù ọmọdé mọ́, oje inú rẹ̀ ò tiẹ̀ bo orí ẹran. Orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ sí i lára ti ń ṣí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló mú kó ra yìnyín. Mo sì ní, "Àbúrò, a ní láti tètè gbé e sínú oje tó tó báyìí."

Oje náà ni fọ́málíìnì. Ó yẹ kó tó ìlọ́po 10 ẹran tó wà nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọnú ẹran, bíi mìlímítà kan ní wákàtí kan, nítorí náà kókó ńlá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ abẹ tàbí láàbù ti là kó tó lè dé àárín. Àárín tí oje ò bá dé máa jẹrà, àwọ̀ ò sì ní mú un. Omi lásán ò ṣe é, omi iyọ̀ ò ṣe é, ọtí ò ṣe é. Yìnyín àti fíríìsà ò sí lára ìtọ́jú rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ wò ó bóyá oje bo ẹran dáadáa, kí orúkọ, ọjọ́, àti ibi tí wọ́n ti gé e wà lára ìgò fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára ìdérí. Ẹ gbé e dé láàbù lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹ̀ka tó ń yẹ ẹran wò wà ní LASUTH ní Ìkẹjà àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, yàtọ̀ sí láàbù aládàáni. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe IHC tàbí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síta, torí ìyẹn ló máa sọ bí èsì ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìṣètò Ìlera Èkó, ẹ béèrè ohun tó kàn nínú rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èwo ni kí ẹ wá yàn?

Bí kókó bá kéré ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ lára àpòlúkù, tí kò yọ yín lẹ́nu, tí etí rẹ̀ sì ń dán, kò sí ohun tó ń lé yín. Dókítà lè máa fi EUS tàbí éńdósíkópì ṣọ́ ọ láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú yín tọrọ iṣẹ́ abẹ.

Bó bá ti tóbi, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí oníṣẹ́ abẹ sì rí i pé òun lè gé e kúrò pẹ̀lú ẹran díẹ̀ lára ògiri, ẹ lè lọ tààrà láti CT sí iṣẹ́ abẹ láìkọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ fi owó EUS ṣe IHC lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èyí ni mo máa ń gba ọ̀pọ̀ ẹbí nímọ̀ràn rẹ̀ ní Ìkòròdù níbí, torí pé ó bá owó wa àti ọ̀nà wa mu.

Ṣùgbọ́n bí gígé kókó náà bá máa gba gbogbo àpòlúkù, tàbí ó wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọnú àpòlúkù, tàbí nísàlẹ̀ ìfun tí wọ́n lè ní àwọn máa gbé ìgbẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ikùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. Ibí ni EUS pẹ̀lú FNB ti tó iye tí wọ́n bá pè é. Bó bá jẹ́ GIST, imatinib lè kọ́kọ́ sún un kì, kí iṣẹ́ abẹ lè kéré. Bó bá jẹ́ kókó èèpo iṣan, kò sí ìdí láti gé èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá kan bi dókítà rẹ̀ lójú mi pé, "Dókítà, ṣé jẹjẹrẹ ni?" Ó ní, "Màmá, mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ kí n tó gbé ọ̀bẹ." Irú dókítà tó yẹ kí ẹ wá nìyẹn.

Ẹni tó bá ní àmì búráùn 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára, pẹ̀lú kókó rọ̀bọ̀tọ̀ káàkiri awọ, kó sọ ọ́ fún dókítà. Ó lè jẹ́ àìsàn ìdílé tí wọ́n ń pè ní NF1. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní kókó iṣan inú ìfun, ó sì tún lè ní GIST, pàápàá ní ìfun kékeré. Nítorí náà a kì í rí ara rẹ̀ ká wá fi gbà pé ti iṣan ni ti inú náà.

Bí èsì bá jáde pé kókó èèpo iṣan ni, tí wọ́n sì ti gé e tán, kò sí kẹ́mò, kò sí imatinib. Oníṣẹ́ abẹ ló máa sọ iye ìgbà tí ẹ máa padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè nọ́ńbà block yín ní láàbù. Ẹran yín ni wọ́n dì sínú àbẹ́là funfun kékeré kan, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ó sì lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Bí dókítà mìíràn bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò tuntun lọ́la, wọ́n á gé nínú rẹ̀, wọn ò ní tún gé nínú yín. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára ìwé èsì, kí ẹ sì fi í síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà.